Aṣọ Tí A Fi Ń Ṣe Òkú



Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka Ìhìnrere Lúùkù, orí 24, láti ẹsẹ 36 dé 43, kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀ràn kan wà tí àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ń bèèrè nígbà tí oṣù Kẹwàá bá ń lọ sópin. Ọmọdé ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n àti lórí fóònù pé ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù náà, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa da aṣọ ibùsùn funfun bo ara, wọn a lu ihò méjì sí i fún ojú, wọn a sì máa kiri ojúlé bí iwin. Halloween ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà dé ilé, ó ń wá aṣọ ibùsùn ìyá rẹ̀ àti ohun tí yóò fi gé e. Ǹjẹ́ kí a fi í sílẹ̀ ni, tàbí kí a gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn kan wí pé eré lásán ni. Àwọn mìíràn wí pé aṣọ Sátánì ni. Èmi rò pé kí a tó dá a láre tàbí kí a tó dá a lẹ́bi, ó tọ́ kí a bi aṣọ náà léèrè ohun tí ó ń wí.

Ní ìhà Yewa níbí, láti Ìlaró títí dé Ayétòrò, ohun náà kì í ṣe àjèjì. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Halloween ní ilẹ̀ wa ni ọmọdé ti ń ṣe egúngún eré. Ògbólógbòó ìró ìyá rẹ̀ ni yóò mú, tàbí àpò ìrẹsì. Yóò rán orí rẹ̀ pọ̀, yóò gé e níbi ojú, yóò sì fi àjákù àwọ̀n dí i, kí ó lè ríran kí a má sì rí i. Ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ ni yóò fi bo ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ a máa lu agolo mílíìkì, ẹ̀kẹta a mú pàṣán dání. Ẹni tí ó wà nínú aṣọ a yí ohùn padà. Àgbà a rẹ́rìn-ín, a sì fún un ní owó díẹ̀.

Ẹ kíyèsí ìbọ̀sẹ̀ náà. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ ọmọ yìí pé kí ó bo ẹsẹ̀. Ó rí i lára ẹ̀kú àwọn àgbà ni, nítorí bí ìka kan ṣoṣo bá yọ síta lábẹ́ ẹ̀kú, ará ayé ni a rí, kì í ṣe ará ọ̀run mọ́. Aṣọ funfun ti òyìnbó náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ tálákà ni a sin láìsí pósí. Aṣọ nìkan ni a fi wé wọn. Àní, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin ní ọdún 1666, ó sì tún un ṣe ní 1678, pé aṣọ irun àgùntàn ni kí a máa fi sin òkú, kí ọjà àwọn tí ń ta irun àgùntàn lè gbèrú. (Ọ̀ràn owó ni èyí, kì í ṣe ti ẹ̀sìn.) Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ro ti òkú tí ó padà wá, inú aṣọ tí wọ́n rí i mọ kẹ́yìn ni wọ́n ń rò ó sí. Ènìyàn méjì tí òkun wà láàárín wọn, ohùn kan náà ni wọ́n ń sọ: òkú kò lè fara hàn, àfi aṣọ.

Ó yẹ kí n yọ gẹ̀lẹ̀dẹ́ sọ́tọ̀, nítorí ìlú wa. Ìró àti gèlè tí àwọn obìnrin yá ni onígẹ̀lẹ̀dẹ́ ń wọ̀, láti fi bọlá fún àwọn ìyá. Àwọn òǹwòran sì mọ ẹni tí ń jó. Àjọ UNESCO kà á mọ́ ogún pàtàkì ti ọmọ aráyé ní ọdún 2001, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Èmi kò wàásù gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún yín. Ṣùgbọ́n òfin kẹsàn-án kò fún wa láàyè láti jẹ́rìí èké sí ẹnìkejì wa, ìbáà ṣe abọ̀rìṣà.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Éńdórì, nínú Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí 28. Sọ́ọ̀lù pa aṣọ dà kí a má bàa mọ̀ ọ́n, ó sì lọ bá obìnrin abókùúsọ̀rọ̀ lóru. Òun fúnra rẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ó bi obìnrin náà bí ẹni tí ó gòkè wá ti rí. Obìnrin náà wí fún un pé arúgbó kan ni, ó sì fi agbádá bora. Èyí tó fún Sọ́ọ̀lù. Ó dojú bolẹ̀. Àwọn àgbà wa a máa wí pé aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ọba tí ó fi aṣọ tan obìnrin jẹ wá wólẹ̀ nítorí aṣọ tí a ròyìn fún un, ìròyìn ikú tirẹ̀ ni ó sì gbọ́ níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ wá wo Olúwa wa ní alẹ́ ọjọ́ Àjíǹde. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rí i, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n rò pé iwin ni. Kí ni ó ṣe? Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi hàn wọ́n, àwọn ohun náà gan-an tí ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ń fi pamọ́! Ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Ó bèèrè oúnjẹ, ó sì jẹ ẹja díndín lójú wọn. Aṣọ ọ̀gbọ̀ tí a fi sin ín ńkọ́? Pétérù ti rí i ní ibojì ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, gèlè tí a fi dì í lórí sì wà ní ká ní ibi kan lọ́tọ̀. Lásárù jáde ti òun ti aṣọ òkú lára, a sì ní láti tú u, nítorí yóò tún kú. Jésù fi tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ọmọ tí ó da aṣọ borí ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Àwa àgbà ni. Ta ni ó ń wí fún ọmọ ọdún mẹ́ta pé bí kò bá jẹun, egúngún yóò wá gbé e? Ilé Kristẹni ni a ti ń wí i, láìsí Halloween kankan. Lẹ́yìn náà ìyá àgbà kú, a sì wí fún ọmọ kan náà pé ó sùn nínú Kristi. Báwo ni yóò ti gbà wá gbọ́? Òkú tí àwa fi hàn án ni èyí tí ń gbé ọmọ lọ lóru. Mo ti rí ọmọ tí kò jẹ́ wọ yàrá tí ìyá àgbà rẹ̀ ti ń gbé e pọ̀n.

Àìsùn Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ ni alẹ́ ọjọ́ 31 yẹn jẹ́, orúkọ náà Halloween kò sì ní ìtumọ̀ mìíràn. Láti ọ̀rúndún kẹsàn-án ni Ìjọ ìhà ìwọ̀-oòrùn ti ń pa ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá mọ́ káàkiri, kí a lè rántí àwọn tí ó ti sùn, kí a sì dúró lórí ìdàpọ̀ àwọn ènìyàn mímọ́ tí à ń jẹ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá gbé aṣọ ihò méjì wá sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ má fà á ya, ẹ má sì nà án. Pàṣán ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìbẹ̀rù gba owó lọ́wọ́ èyí tí ó kéré jù wọ́n lọ. Ẹ̀yin òbí, kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ìyá àgbà rẹ̀ sínú ìwé, kí ó mú un fún àlùfáà rẹ̀. Ẹ mú un lọ síbi ibojì ní ọ̀sán gangan, kí ẹ jọ ro koríko rẹ̀, kí ẹ sì sọ irú ènìyàn tí ìyá náà jẹ́. Bí ó bá ṣe pé nígbà tí ẹ ń padà bọ̀ ni ó tún bèèrè aṣọ ibùsùn àtijọ́ tí yóò fi ṣeré, ẹ fún un. Kí ẹ gé ihò ojú náà kí ó tóbi, kí ó má bàa ṣubú sínú gọ́tà, kí ẹ sì gé etí aṣọ náà sókè díẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè hàn.