Ṣé Ó Yẹ Kí A Torí Lẹ́tà Fi Ìtọ́jú Du Aláìsàn?

Láti ọdún 1965 tí Ààrẹ Lyndon Johnson ti fọwọ́ sí òfin Medicaid ni ìjọba ti ń bá àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré san owó ìwòsàn. Púpọ̀ nínú wa ní Seat Pleasant ló ń tún ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún lọ́dọ̀ Maryland Health Connection.

Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n yọ ẹnikẹ́ni nítorí ìwé. Nígbà tí àyẹ̀wò tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù April 2023, ó lé ní mílíọ̀nù 25 ènìyàn tí wọ́n yọ káàkiri Amẹ́ríkà. Kì í ṣe pé ìjọba rí i pé owó ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pọ̀ jù; ìwé wọn ni kò pé tàbí tí kò dé lásìkò.

Ta ló jẹ̀bi? Àwọn kan ní ẹni tó ń jẹ nínú owó orí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ dáhùn bí wọ́n bá pè é. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìfèsì kì í ṣe ẹ̀rí pé ìrànwọ́ náà kò tọ́ sí ènìyàn. Lẹ́tà lè má bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nílé. Bí ọmọ ẹgbẹ́ èsúsú kan kò bá wá sípàdé, a kì í ránṣẹ́ sí i ná kí a tó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ bí?

Òfin July 4, 2025 ní láti òpin 2026, ọ̀pọ̀ àgbà tí kò tíì pé ẹni ọdún 65 yóò máa tún un ṣe ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa bá àwọn àgbà wa ka lẹ́tà wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.