Ǹjẹ́ Àánú Nìkan Tó?



Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe rere, tí àníyàn rẹ̀ sì mọ́, ǹjẹ́ ó ti ṣe tán? Àbí ojúṣe mìíràn tún wà lọ́rùn rẹ̀, pé kí ó kọ́kọ́ lọ kọ́ bí a ti ń ṣe rere náà? Gbogbo wa ni a mọ̀ pé inú àníyàn ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ń bèèrè ni bóyá ibẹ̀ náà ni ó ń parí sí.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà di àròyé lásán, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ènìyàn kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ àánú gan-an. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ẹyẹ àti ẹranko ìgbẹ́ tí ó fara pa, tí ó ṣàìsàn, tàbí tí ìyá rẹ̀ kú, títí yóò fi lè padà sí ibùgbé rẹ̀. Kì í ṣe ẹran ọ̀sìn. Wọn kì í tà á, wọn kì í jẹ ẹ́, ẹranko náà kò sì lè dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò gba owó-oṣù kankan lórí iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀ àwọn kan náà ni wọ́n máa ń fi iṣẹ́ àti ẹbí sílẹ̀, tí wọ́n ń san owó ọkọ̀ àti owó ibùsùn, láti lọ jókòó bí ọmọ ilé-ìwé ní ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀?

Ní ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1971, ọkọ̀ ojú omi agbépo méjì kọ lu ara wọn nínú kùrukùru nítòsí afárá Golden Gate ní San Francisco, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Epo dà sínú omi, ó sì ta bá nǹkan bí 7,000 ẹyẹ. Àwọn ará ìlú tú jáde lọ́mọdé lágbà. Ẹyẹ tí wọ́n rí kó sún mọ́ 4,300. Wọ́n kó wọn lọ sí ibikíbi tí àyè bá ti wà, wọ́n sì ń fọ̀ wọ́n. Ta ni yóò sọ pé àníyàn wọn kò mọ́? Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, nǹkan bí 300 péré ni ó yè tí wọ́n rí tú sílẹ̀.

Kí ni ó pa àwọn yòókù? Epo ni, ṣùgbọ́n àìmọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ìyẹ́ ẹyẹ omi dà bí aṣọ òjò. Bí epo bá ti kàn án, omi tútù yóò wọlé dé ara. Ẹyẹ náà yóò máa fi ẹnu yọ epo náà, yóò sì máa gbé e mì. Nígbà tí ọwọ́ ènìyàn yóò fi tẹ̀ ẹ́, otútù ti mú un, ebi ń pa á, ẹ̀rù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀, nítorí pé lójú rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ gbà á là kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fẹ́ pa á jẹ. Ẹni tí àánú nìkan ń darí yóò fẹ́ fọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ mú kí ara rẹ̀ gbóná, yóò fún un ní omi àti oúnjẹ, yóò sì fi í sí ibi tí ó dákẹ́, títí ara rẹ̀ yóò fi le tó láti fara da omi àti ọṣẹ.

A mọ ìtàn ọkùnrin tí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, tí ó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun kan nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà mọ ohun tí ajá nílò, nítorí pé òùngbẹ kan náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ òun fúnra rẹ̀ ni. Ohun tí ó ń ṣe wá ni a lè fi mọ ohun tí ó ń ṣe ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ní ìyẹ́ nínú wa, bẹ́ẹ̀ ni a kì í jẹ ikán. Níbi tí ìyà ẹlòmíràn kò bá ti jọ tiwa, ara wa kò lè kọ́ wa mọ́. A ó ní láti lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀.

Èyí ni àwọn ará California rí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1971 náà, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Alice Berkner dá ẹgbẹ́ International Bird Rescue sílẹ̀, kí irú òfò yẹn má baà tún ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1972 ni a dá International Wildlife Rehabilitation Council sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 1982, National Wildlife Rehabilitators Association tẹ̀ lé e. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń pe ìpàdé, wọ́n ń kọ́ ènìyàn bí a ti ń di egungun tí ó ṣẹ́, bí a ti ń mọ ìwọ̀n omi tí ẹranko lè gbà sára, àti àrùn tí ó lè ti ara ẹranko ran ènìyàn. Wọ́n tún ń kọ́ wọn bí a ti ń mọ ìgbà tí kò sí ìrètí mọ́, tí fífa ìrora gùn yóò di ìkà.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà níbẹ̀ tí ó le ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ: bí a ti ń kó ìfẹ́ ara ẹni níjàánu. Ọmọ ẹyẹ tí ó bá fi ènìyàn ṣe ìyá kò ní mọ bí a ti ń gbé láàárín àwọn ẹyẹ mọ́. Nígbà tí igún ńlá California kò tó 25 mọ́ ní gbogbo ayé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1989, àwọn tí ń tọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọgbà ẹranko San Diego kì í jẹ́ kí ó rí ojú wọn. Ìbọ̀wọ́ tí a ṣe bí orí igún ni wọ́n fi ń fún un ní oúnjẹ. Ní ọdún 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú irú àwọn igún bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rò ó wò: kí ènìyàn tọ́ ọmọ dàgbà, kí ó sì ṣọ́ra kí ọmọ náà má ṣe mọ òun!

Àwọn kan lè sọ pé: "Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ìpàdé yẹn, ṣé kò tó tọ́jú ẹranko mẹ́wàá?" Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbéjùnù. Ìpàdé tí kò ju àsè àti fọ́tò lọ, òfò ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo South Africa. Ní ọdún 1994, epo ọkọ̀ Apollo Sea ta bá nǹkan bí 10,000 ẹyẹ pẹ́ńgúìnì, nǹkan bí ìdajì wọn ni ó sì kú. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2000, ọkọ̀ Treasure rì nítòsí Cape Town. Lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan bí 19,000 ni epo ta bá. Àwọn ará ìlú tí ó lé ní 12,000 jáde wá ṣèrànwọ́, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ sì wà níbẹ̀ láti darí wọn. Ẹgbẹ́ SANCCOB ti ibẹ̀ ni ó ṣíwájú, àwọn International Bird Rescue tí a dá sílẹ̀ lẹ́yìn òfò 1971 sì wà lára àwọn tí ó wá láti òkèèrè. Èyí tí ó yè lé ní 90 nínú 100. Wọ́n tún kó nǹkan bí 19,500 tí epo kò tíì kàn lọ sí Port Elizabeth, tí a ń pè ní Gqeberha láti ọdún 2021, ní nǹkan bí kìlómítà 800 sí ibẹ̀. Kí wọ́n tó lúwẹ̀ẹ́ padà délé, a ti ń palẹ̀ epo mọ́. Àánú àwọn ará Cape Town kò ju ti àwọn ará San Francisco lọ. Ìmọ̀ tí a pín láàárín ọdún 29 ni ìyàtọ̀ wọn.

Àwọn àgbà wa sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí ó ń dá ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, òkú tirẹ̀ nìkan ni ó lè fi kọ́gbọ́n. Ẹni tí ó dìde ní àárín ẹgbẹ́ tí ó wí pé, "Báyìí ni mo ṣe tí tèmi fi kú," ti gba ẹ̀mí ẹranko tí kò ní fojú rí láé là. Ó gba ìrẹ̀lẹ̀. A gbà pé ìrẹ̀lẹ̀ yìí jẹ́ apá kan àánú náà, kì í ṣe àfikún.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Pandrillus ti fi tọ́jú ọ̀bọ ńlá ojú dúdú tí a ń pè ní drill ní Calabar. Ní ọdún 2000, àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Áfíríkà pàdé ní Entebbe, ní Uganda, wọ́n sì dá Pan African Sanctuary Alliance sílẹ̀, tí ó ń kó àwọn dókítà ẹranko jọ láti kọ́ ara wọn. Lọ́dọ̀ wa níbí ńkọ́? Ẹni tí ó bá ra akika láàyè lọ́wọ́ ọlọ́jà ẹran ìgbẹ́ nítorí àánú, tí ó gbé e délé, tí ó gbé búrẹ́dì àti mílíìkì síwájú rẹ̀, yóò rí i pé kò ní jẹ ẹ́. Èèrà àti ikán ni oúnjẹ rẹ̀. Ebi lè pa á kú ní ilé aláàánú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọkàn yín bá ń fà sí iṣẹ́ rere kan, ìbáà ṣe bíbẹ aláìsàn wò, títọ́ ọmọ òrukàn tàbí gbígba ẹni tí ọkọ̀ kọ lù, ẹ má ṣe pa iná àánú náà. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè pé: ta ni ó ti ṣe é rí, níbo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ta ni a ó sì sọ fún bí ọwọ́ wa bá kùnà? Ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ kì í rí inú wa. Ọwọ́ wa ni ó ń bá a.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ kún àánú wa.