Iyọ̀ Inú Ọ̀rọ̀ Wa

Ṣé àgàbàgebè ni ẹni tó bá ń fi ohùn tútù sọ̀rọ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. A máa ń ní, "Bó ṣe rí lára mi ni mo ṣe ń sọ ọ́." Báyìí la ṣe sọ ẹnu burúkú di òótọ́ inú.

Ní Ire-Akari níbí, ní Ìsọlọ̀, tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ẹnu wa a máa dùn bí oyin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kejì a ó wọ dánfó lọ sí Òṣòdì, kọ̀ńdọ́ á ní kò sí ṣéńjì, èébú á sì ya lẹ́nu wa. Èwo ni ẹnu wa gan-an nínú méjèèjì?

Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kólósè, ní orí kẹrin, pé kí ọ̀rọ̀ wọn ní oore-ọ̀fẹ́, kí iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ kẹta: inú ìdè ló wà nígbà tó kọ ọ́. Kì í ṣe ẹni tí ayé rọ̀ lọ́rùn ló ń gbà wá nímọ̀ràn. Ẹ tún wo ẹsẹ karùn-ún: àwọn tó wà lóde ìjọ ló ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà kan kọ̀ńdọ́ ju pásítọ̀ wa lọ.

Oore-ọ̀fẹ́ ni ohun tí èèyàn kò ṣiṣẹ́ fún. Bí kọ̀ńdọ́ bá kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀ dáadáa, tí a dá a lóhùn dáadáa, gbèsè la kàn san. Ìgbà tí kò tọ́ sí i ni tiwa tó di oore-ọ̀fẹ́.

Ṣé ká wá fi ṣéńjì wa sílẹ̀ ni? Rárá o! Iyọ̀ ń mú ọbẹ̀ dùn, kì í jẹ́ kí ẹran tètè bàjẹ́, ó sì ń ta èèyàn lójú egbò. Ọ̀rọ̀ dídùn tí kò lóòótọ́ nínú, títẹ́ ló tẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ṣéńjì mi": òótọ́ ni, kò sì sí ìyá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Wọ́n kó Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Nígbà tó bá ń bá àwọn ọba Mùsùlùmí sọ̀rọ̀, ibi tí Bíbélì àti Kùránì ti pàdé ló máa ń wá: ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì, ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe bí Jésù lọ́nà ìyanu. Kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́, kò sì bú tiwọn.

Èdè wa pàápàá ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: "o" àti "ẹ." Bàbá tó ń ṣọ́ géètì lè bí wa lọ́mọ, síbẹ̀ àwọn kan nínú wa a máa yọ orí láti inú mọ́tò pé, "Ṣí géètì jàre!" Tó bá jẹ́ pé ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ni, kódà kí ó kéré sí wa lọ́jọ́ orí, "ẹ" la ó máa bá a fà á. A jẹ́ pé owó là ń bọ̀wọ̀ fún.

Ẹni tí kò lè fún wa ní nǹkan kan, tí kò sì lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa, òun ló mọ̀ bóyá iyọ̀ wà lẹ́nu wa. Bí bàbá náà bá ní ká dúró lọ́la, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí i: "Ẹ káàárọ̀, sà."