KỌ́ ỌMỌ RẸ LÁTI SỌ PÉ RÁRÁ

ÀKỌ́SÓRÍ: Òwe 22:3
BÍBÉLÌ KÍKÀ: 2 Sámúẹ́lì 13:1-22

Ẹsẹ àkọ́sórí wa kọ́ wa pé ọlọ́gbọ́n a máa rí ibi láti òkèèrè, a sì yà fún un. Ṣùgbọ́n ọmọdé kò lè rí i àfi bí ẹnìkan bá kọ́ ọ. Ìwọ òbí ni Ọlọ́run gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Kìlọ̀ fún ọmọ rẹ nípa gbọ́mọgbọ́mọ. Bí àjèjì bá sọ pé, "Màmá rẹ ló ní kí n wá mú ọ," kó má tẹ̀lé e. Ẹ jọ mú ọ̀rọ̀ kan ṣe àmì. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ náà, ìwọ kọ́ lo rán an. Bí ẹnikẹ́ni bá fà á lọ́wọ́, kó pariwo, kó géni náà jẹ, kó já ara rẹ̀ gbà, kó sì sáré síbi tí èrò wà. Jẹ́ kó mọ orúkọ rẹ, àdúgbò yín àti nọ́ńbà fóònù rẹ sórí.

Ṣùgbọ́n wo Támárì. Àjèjì kọ́ ló ba ayé rẹ̀ jẹ́, ọmọ bàbá rẹ̀ ni. Dáfídì fúnra rẹ̀ ló rán an lọ sílé Ámúnónì láìfura. Ọmọ náà kọ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì sunkún jáde. Ábúsálómù ní kó dákẹ́. Dáfídì bínú, ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan sí i. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìdákẹ́jẹ́ yẹn di ìpànìyàn nínú ilé ọba.

Olùfẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà àti UNICEF ṣe lọ́dún 2014 fi hàn pé nínú obìnrin 4, ọ̀kan ti rí ìfipábánilòpọ̀ tàbí irú ìwà ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó pé ọdún 18. Nínú ọkùnrin 10, ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn ló mọ ẹni tó ṣe é. Díẹ̀ ló rí ìrànlọ́wọ́.

A ti kọ́ àwọn ọmọ wa láti kúnlẹ̀, láti dọ̀bálẹ̀, láti má já àgbà níyàn. Ó dára. Kọ́ wọn pẹ̀lú pé kò sí bùọ̀dá, àǹtí, tíṣà tàbí òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó láṣẹ láti fọwọ́ pa ìhòòhò wọn. Kíkọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tó bá ní, "Má sọ fún màmá rẹ," màmá gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún.

Bí ọmọ bá sì sọ ọ́, gbà á gbọ́. Má nà án. Má torí orúkọ ẹbí tàbí ti ìjọ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kí o sì fi tó ọlọ́pàá létí. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Má ṣe bí Dáfídì.

OHUN ṢÍṢE: Kí ọmọ rẹ tó lọ sí ilé ìwé lónìí, jókòó tì í, kí ẹ sì yan ọ̀rọ̀ àmì yín.

KÓKÓ ÀDÚRÀ: Baba, dáàbò bo àwọn ọmọ wa. La ojú wa láti rí ewu, kí o sì fún wa ní ìgboyà láti má dákẹ́, ní orúkọ Jésù. Àmín.