Bí Òní Ṣe Rí, Ọ̀la Ò Rí Bẹ́ẹ̀

Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìdajì òwe yìí làwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ìlera dì mú. Lára ìdí tí wọ́n fi ń bù kúrò lára àǹfààní tó ṣì ń bọ̀ ni pé ọ̀la kò dájú. Ìdá 3 nínú 100 lọ́dọọdún ló wọ́pọ̀. Ẹ̀mí 100 tí a ó gbà là ní 30 ọdún sí i, bí 41 péré ni lójú ìṣirò wọn lónìí.

Ẹ gbé ìṣirò yìí dé Bàrúwà ní Alímọ̀ṣọ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí epo bẹntiróòlù tó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti ba kànga jẹ́ láti àwọn ọdún 1990. Ẹ fa omi, òórùn epo ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Benzene inú epo lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fojú hàn. Owó àtúnṣe, òní la ó san án, kò ní dín kọ́bọ̀. Ìlera ọ̀la ọmọ tó ń mu omi náà ni ìṣirò yẹn ń gé. (Wọn kì í kúkú pe ọmọ sípàdé.)

Babaláwo ò torí àìdánilójú fojú tín-ín-rín ọ̀la. Ńṣe ló ń tún un wò lóòrèkóòrè. Kí ìjọba máa yẹ omi Bàrúwà wò bẹ́ẹ̀, kí owó àtúnṣe sì wọ ètò ìṣúná ọdún yìí.