Sùúrù Kọ́, Agídí Ni

Láti oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún, ẹni tó bá gba ọ̀nà Savalou lọ sí Bantè ní Bẹ̀nẹ̀, kajú ni yóò máa rí: lórí igi, lórí ilẹ̀ níbi tí wọ́n sá a sí, nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Oníṣòwò tó mọ iṣẹ́ kì í fojú ra àpò. Yóò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lókè, láàrin àti nísàlẹ̀, yóò wọn kílò kan jọ, yóò ka hóró rẹ̀, yóò sì fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọmọ inú rẹ̀ funfun, tó sì dára, lọ sápá kan. Èyí tó ní àbàwọ́n, tàbí tí kò gbó dáadáa, lọ sápá kejì, ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni wọn yóò kà. Èyí tó jẹrà àti èyí tó ṣófo, dànù ni. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá ṣírò iye pọ́n-ùn ọmọ kajú tó lè ti inú àpò kílò 80 jáde. KOR ni àwọn oníkajú ń pè é. Bí kílò kan bá mú gíráàmù 270 ọmọ tó dára wá, àpò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn 48. Àpò méjì lè jókòó ti ara wọn, kí ìwọ̀n wọn dọ́gba, kí owó tí wọ́n ń pè lé wọn dọ́gba, síbẹ̀ kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀pọ̀, kí èkejì jẹ́ gbèsè.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọjà ìpín iléeṣẹ́ rí. Tiwa ni BRVM, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Abidjan lọ́jọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 1998 fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó wà nínú UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn tó jọ ń ná FCFA ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò pẹ̀lú. Ará Bantè kò ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí Abidjan kó tó rajà níbẹ̀. Alágbàtà tó ní àṣẹ, tí wọ́n ń pè ní SGI, wà ní Cotonou tí yóò bá a rà á. Bank of Africa Bénin ti pẹ́ lórí ọjà náà, Loterie Nationale du Bénin àti báǹkì BIIC sì dara pọ̀ mọ́ ọn ní 2025.

Ohun tó kọ́kọ́ ń tan àwọn ènìyàn wa jẹ níbẹ̀ ni iye tí wọ́n kọ sórí ìpín kan. Ní 2024, ìpín kan Sonatel ti Sẹ̀nẹ̀gà ju 15,000 FCFA lọ. Ìpín kan ETI, ìyá gbogbo báǹkì Ecobank tó fi Lomé ṣe ibùjókòó, kò tó 30 FCFA. Ẹlòmíràn á ní, "Ti Lomé yìí lọ̀pọ̀." Ta ló sọ fún un? Ìpín Sonatel jẹ́ mílíọ̀nù 100, ti ETI ju bílíọ̀nù 24 lọ. Wọ́n gé ọ̀kan sí wẹ́wẹ́ ju èkejì lọ ni. Ọ̀pọ̀ tòótọ́ ni kí owó tí ọjà ń bù lé gbogbo iléeṣẹ́ náà kéré sí ohun tó ní lápò àti ohun tó lè pa wọlé. Benjamin Graham, tó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1934 àti 1949, kò yéé tẹnu mọ́ ohun kan: kí àlàfo tó fẹ̀ wà láàrin iye tí o rà á àti iye tó tó sí i, kó lè bò ọ́ lọ́jọ́ tí ìṣirò rẹ bá ṣìnà.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ìwà ni.

Ní 2010, ICC Services, tó ń gba owó ará ìlú pẹ̀lú ìlérí èrè ńlá, wó ní Bẹ̀nẹ̀, owó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì bá a lọ. Jìbìtì nìyẹn: ẹnìkan ló purọ́, ẹlòmíràn ló gbà á gbọ́. Pàkúté ọ̀pọ̀, ìyẹn ìpín tó jọ ọ̀pọ̀ tí kì í sì í ṣe ọ̀pọ̀, yàtọ̀ sí i. Iléeṣẹ́ náà wà lóòótọ́, ó ní ọ́fíìsì, ó ní òṣìṣẹ́, ó lè má tilẹ̀ pa irọ́ kankan. Owó rẹ̀ ń já wálẹ̀ nítorí pé òwò rẹ̀ ń kú lọ, ìwọ lo sì ń sọ fún ara rẹ pé ọjà ni kò mọyì rẹ̀. Nínú jìbìtì, wọ́n purọ́ fún ọ. Nínú pàkúté ọ̀pọ̀, ìwọ lo purọ́ fún ara rẹ, irú irọ́ yìí sì ṣòro láti mú, torí olùfisùn àti olùjẹ́jọ́ ń sùn lórí ibùsùn kan.

Àwọn ará Nàìjíríà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní oṣù kẹta 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ìpín lọ́jà Èkó ju 66,000 lọ. Nígbà tó fi di òpin oṣù kẹta 2009, ó ti já wá sí nǹkan bí 20,000. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré wọlé láti ra ìpín báǹkì. Wọ́n ní ohun tó ti gòkè rí yóò tún gòkè. Àwọn kan nínú báǹkì wọ̀nyẹn dìde lóòótọ́. Ti Afribank kò dìde: lọ́jọ́ 5 oṣù kẹjọ 2011, ìjọba gba ìwé àṣẹ rẹ̀, báǹkì tuntun tí wọ́n ń pè ní Mainstreet gba iṣẹ́ rẹ̀, owó àwọn tó fi pamọ́ síbẹ̀ wà láìléwu, ṣùgbọ́n ìpín àwọn onípìn-ín di ìwé lásán.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìmọ̀wé ló fà á. Warren Buffett, akẹ́kọ̀ọ́ Graham fúnra rẹ̀, kó sínú rẹ̀. Ní 1962 ló bẹ̀rẹ̀ sí ra ìpín iléeṣẹ́ aláṣọ kan tó ń rẹ̀yìn lọ ní Amẹ́ríkà, Berkshire Hathaway. Ní 1964, olórí iléeṣẹ́ náà ṣèlérí láti ra ìpín ọwọ́ rẹ̀ ní dọ́là 11 àti ààbọ̀. Nígbà tí lẹ́tà dé, wọ́n ti yọ ìdá kan nínú mẹ́jọ dọ́là kúrò níbẹ̀. Inú bí Buffett. Dípò kó tà, ó ń rà sí i títí tó fi gba iléeṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn ní 1965. Ó lé ọkùnrin náà lọ, ó wá ku òun àti ẹ̀rọ ìhunṣọ tí kò mówó wọlé. Ó di 1985 kó tó ti ìhunṣọ náà pa. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òpè ni òun lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ wo ohun tó tìtorí rẹ̀ fi ọgbọ́n sílẹ̀: kọ́bọ̀ díẹ̀ àti ìbínú.

Àwa wá ní ọ̀rọ̀ kan tí a fi ń bo irú nǹkan báyìí mọ́lẹ̀. Sùúrù ni. Ká ní olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Bantè ra ìpín kan, tí owó rẹ̀ wá já sí ìdajì. Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹjọ, ó bá wọn jẹ ọdún iṣu ní Savalou, àbúrò rẹ̀ bi í níwájú gbogbo ẹbí: "Ẹ̀gbọ́n, ìpín yẹn ńkọ́?" Ó ní, "Ó ń bọ̀ wá gòkè. Sùúrù ni baba ìwà." Gbogbo wọn mi orí, wọ́n ní àgbà ti sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó ti ka ìwé ìṣirò iléeṣẹ́ náà láti ọjọ́ tó ti rà á. Bóyá kò kà á. Bó bá kà á, ó lè rí i níbẹ̀ pé òun ti ṣìnà, àbúrò yóò sì gbọ́.

Agídí nìyẹn, orúkọ sùúrù ló fi ń jẹun. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Onísùúrù kì í di ojú. Ó mọ ìdí tó fi rà á, ó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó rà á, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún: ṣé gbèsè ń pọ̀ sí i? Ṣé èrè tí wọ́n ń kéde ń di owó lọ́wọ́? Ṣé àwọn olórí ń sọ òótọ́ nígbà tí nǹkan kò dára? Ìdí náà wà síbẹ̀, ó dúró. Ìdí náà ti kú, ó tà, kódà bó pàdánù.

ETI ni mo fi ń dán ara mi wò lórí èyí. Ó ra Oceanic Bank ní Nàìjíríà ní 2011, gbèsè tí kò ṣeé gbà sì yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn olórí rẹ̀ jà ní gbangba ní 2013 sí 2014. Fún ọdún mélòó kan kò pín èrè, ó di 2022 kó tó tún pín. Ẹni tó dì í mú ní gbogbo àkókò yẹn torí ó ń ka ìwé rẹ̀, tó ń rí i pé òwò báǹkì náà ṣì wà láàyè ní ilẹ̀ tó ju 30 lọ, onísùúrù ni. Ẹni tó dì í mú torí ojú ń tì í láti tà, oríire ló ní, kì í ṣe ìwà. Èrè kan náà ni àwọn méjèèjì gbà. Ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn: àbájáde kì í tú àṣírí wa, àwa nìkan la mọ ohun tó wà lọ́kàn wa lọ́jọ́ tí a kò tà.

Gbogbo iléeṣẹ́ tó wà lórí BRVM ló gbọ́dọ̀ gbé ìwé ìṣirò ọdún rẹ̀ jáde, ọ̀fẹ́ ni kíkà rẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó rà. Bí ẹ bá sì ti rà á, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ọdún iṣu tó ń bọ̀ tó dé.