Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Lẹ́yìn Iṣẹ́ Ẹgbẹ́

Ní ọdún 1883 ni William Smith, olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kan ní ìlú Glasgow, dá ẹgbẹ́ Boys' Brigade sílẹ̀; ní ọdún 1908 ni ó sì dé ilẹ̀ wa. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ wa ti ń lu ìlù, tí wọ́n ń yan lójú pópó, tí wọ́n sì ń kọ́ bí a ti ń di ojú ọgbẹ́. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí: ṣé ohun tí ọmọ ṣe ni ó ń kọ́ ọ lọ́gbọ́n, tàbí ìrònú tí ó ṣe lórí rẹ̀?

Àwọn baba wa ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní àkísà ni ó gbọ́n. Ọmọ lè lo ọdún mẹ́fà nínú ẹgbẹ́, kí báàjì kún àyà rẹ̀, kí ìwà rẹ̀ má sì yí padà rárá.

Bí a bá bi í léèrè, yóò ní òun kọ́ sùúrù àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́sórí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a bi í síwájú sí i: Ọjọ́ wo ni sùúrù rẹ tán? Ta ni ó bá ọ ru ẹrù nígbà tí ó rẹ̀ ọ́? Ta ni ó jàǹfààní iṣẹ́ náà, yàtọ̀ sí ìwọ?

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ń kọ ìtàn rere ara rẹ̀ kò ní pẹ́ tí yóò fi máa ṣe rere nítorí àtikọ ọ́ nìkan. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe lásán, nítorí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ń béèrè irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé. Nítorí náà ni a ṣe rò pé kí ọmọ kọ́kọ́ kọ ọ́ fún ara rẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an: ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tí ó dójú tì í, àti ohun tí yóò ṣe lọ́la. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí òun ni kò jẹ́ kí ìrònú di ìyìn ara ẹni.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ béèrè, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá ọmọ dáhùn. Bí ó bá dákẹ́ díẹ̀, ẹ má ṣe kánjú. Ó ń ronú ni.